Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Àkójọ Orin Karaoke Kan Lórí Kọ̀ǹpútà Púpọ̀

Tí àkójọ orin karaoke bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kò sí wàhálà púpọ̀. Ìgbà tí èkejì bá dé ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Akọrin á béèrè orin tó rí nínú ìwé orin yín, ẹ ó wá a títí, kò ní sí lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín. Ẹ ti tún orúkọ olórin kan ṣe lórí ọ̀kan, ti ìkejì ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ̀dà tí ohùn rẹ̀ ti bàjẹ́ tí ẹ pa rẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá tún ti padà dé, kọ̀ǹpútà kẹta ló dá a padà. Díẹ̀díẹ̀, àkójọ kan á di mẹ́ta, kò sì ní sí èyí tó pé nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí wọ́n ṣe máa kó fáìlì láti ibì kan dé ibòmíràn ni ìṣòro náà. Èyí ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń da àkójọ rú ni pé gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ. Ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè lè pé mẹ́fà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kó jẹ́ ọ̀gá: ibẹ̀ nìkan la ti ń fi orin kún àkójọ, ibẹ̀ la ti ń yí orúkọ padà, ibẹ̀ la ti ń yọ èyí tí a kò fẹ́ mọ́. Gbígbà ni tàwọn yòókù. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, orí òfin yẹn ló dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú fáìlì tí ẹ ní

Irú mẹ́ta ló máa ń pọ̀. Àkọ́kọ́ ni orin tó jẹ́ fáìlì méjì: MP3 tó gbé ohùn, àti CDG tó gbé ọ̀rọ̀ orin tó ń hàn lójú síkírìnì. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́, ìparí orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Ìkejì ni àwọn méjì yìí kan náà tí a dì sínú ZIP kan. Ìkẹta ni fídíò MP4, tí ohùn àti ọ̀rọ̀ ti wà pọ̀. Ẹ lè rí MIDI tàbí KAR láàárín wọn. Fódà ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kó wọn sí.

Ó yẹ kí ẹ mọ CDG dáadáa. Orí àwo CD ló ti wá. Yàtọ̀ sí ohùn, àwo CD ní àyè tóóró kan tí wọ́n ń pè ní subcode, ibẹ̀ ni àwọn tó dá CD+G sílẹ̀ kó àwòrán ọ̀rọ̀ orin sí. Àwòrán náà kò ju 300 sí 216 pixel lọ, àwọ̀ 16 péré ló sì lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Kò sí aago kankan nínú rẹ̀. Àṣẹ kéékèèké 300 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1, ipò tí àṣẹ kan wà nínú fáìlì ni sọ́fítíwíà fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó hàn. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ gé ìdákẹ́jẹ́ tó wà níbẹ̀rẹ̀ MP3 kúrò, bó ti wù kó gùn tó. Bí ẹ bá gé e, orin á ti lọ, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Fún ìdí kan náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe MP3 láti orí àwo tí ẹ rà, ẹ lo ìwọ̀n tó dúró sójú kan, irú tí wọ́n ń pè ní CBR. Àwọn sọ́fítíwíà karaoke kan máa ń ṣìṣirò ibi tí orin dé nínú MP3 tó jẹ́ VBR, ìyẹn èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ń yí padà, pàápàá tí a bá fo apá kan nínú orin.

Ẹ tún ṣírò bí àkójọ yín ṣe tóbi tó kí ẹ tó ra ohunkóhun. Orin ìṣẹ́jú 4 tí MP3 rẹ̀ jẹ́ 192 kbps á gba nǹkan bíi MB 5.8, CDG rẹ̀ á gba MB 1.7. Ẹgbàárùn-ún orin, ìyẹn 10,000, á wà ní ìwọ̀n GB 75. Fídíò ni kò mọ́wọ́ dúró: MP4 ìṣẹ́jú 4 tó ń lọ ní Mbps 4 á gba MB 120, èyí tó túmọ̀ sí pé 10,000 irú rẹ̀ á kọjá TB 1. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín bá kéré, ó ṣeé ṣe kí ẹ fi fídíò sílẹ̀ lórí ọ̀gá, kí ẹ kó CDG nìkan lọ sóde.

Ẹ yan ọ̀gá, kí ẹ sì ṣí fódà mẹ́ta

Kò pọn dandan kí ọ̀gá jẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára jù. Èyí tí kì í jáde ló dára jù. Kọ̀ǹpútà tó ń bá yín lọ sóde lè bọ́ sílẹ̀, ọtí lè dà sí i, olè lè gbé e. Kò yẹ kí irú rẹ̀ jẹ́ ibi tí òtítọ́ àkójọ yín wà. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká nìkan lẹ ní, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ sílé, tàbí kí ẹ fi háàdì díìsìkì ìta kan ṣe ọ̀gá.

Lórí ọ̀gá, ẹ ṣí fódà mẹ́ta: `Orin`, `Tuntun` àti `Kuro`. Inú `Tuntun` ni gbogbo orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń kọ́kọ́ sùn sí, yálà ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni tàbí ẹ fà á láti orí àwo. Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ọ, tí ẹ ó fi wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú síkírìnì, tí ẹ ó sì fi fún un lórúkọ tó yẹ. Inú `Kuro` ni orin tí ẹ kò fẹ́ mọ́ ń lọ. Ẹ má pa orin rẹ́ tààrà láti inú `Orin`. Ẹ jẹ́ kó wà ní `Kuro` fún oṣù díẹ̀. Ẹ ó rí i pé àwọn kan á ní láti padà. Fódà `Orin` nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù.

Orúkọ fáìlì ni gbogbo iṣẹ́

Mo fẹ́ kí á pẹ́ níbí díẹ̀, torí bí orúkọ bá ti dára, ìyókù á tẹ̀lé e. Nínú orin tí a ń gbọ́ lásán, sọ́fítíwíà máa ń ka àlàyé tó wà nínú MP3 láti mọ olórin àti àkọlé. Ti karaoke kò rí bẹ́ẹ̀. CDG kò ní àyè tí a lè kọ àkọlé sí, MP3 tó bá a rìn sì sábà máa ń ṣófo. Orúkọ fáìlì ni ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà karaoke ń kà. Bí orúkọ bá rí játijàti, wíwá orin lóde á rí játijàti.

Ẹ mú ìlànà kan, kí ẹ má yà kúrò lórí rẹ̀. Tèmi rèé:

`Olorin - Akole - Ileese - Nomba.zip`

Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀dà karaoke náà jáde ni mo ń pè ní `Ileese`, nọ́ńbà àwo tàbí nọ́ńbà tí wọ́n fi tà á ni ó tẹ̀lé e. Àwọn kan fẹ́ràn kí nọ́ńbà ṣáájú. Kò burú, OpenKJ àti àwọn sọ́fítíwíà karaoke mìíràn máa ń jẹ́ kí ẹ yan bí orúkọ ṣe tò. Ohun tó burú ni kí ìdajì àkójọ tò báyìí kí ìdajì tò bọ́hùn-ún. Àlàfo, àmì ìdè kan, àlàfo: ohun tó ń ya apá kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì nìyẹn, nítorí náà ẹ má lò ó níbòmíràn nínú orúkọ. Bí orúkọ olórin bá ní àmì ìdè nínú, ẹ kọ ọ́ láìsí àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ tún pinnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹ ó ṣe máa kọ orúkọ ẹgbẹ́ olórin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The, àti bí ẹ ó ṣe máa kọ orin tí ènìyàn méjì jọ kọ. Ẹ kọ ìpinnu náà sínú fáìlì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà `Orin`, torí ẹ ó gbàgbé.

Nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà púpọ̀ là ń bá sọ̀rọ̀, àwọn òfin kan wà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kò ní fipá mú yín tẹ̀lé. Windows kò gba àwọn àmì wọ̀nyí nínú orúkọ fáìlì: `\ / : * ? " < > |`. Mac àti Linux gba púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, bí ọ̀gá yín bá jẹ́ Mac, tí ẹ sì fi àmì ìbéèrè parí àkọlé orin kan, orin náà kò ní dé orí Windows láéláé, ẹ lè má sì tètè mọ̀. Windows kò sì fẹ́ kí orúkọ parí pẹ̀lú àmì ìdánudúró tàbí àlàfo. Ẹ yẹra fún gbogbo wọn, ohun yòówù tí ọ̀gá yín bá ń lò.

Lẹ́tà ńlá àti kékeré náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Lójú Windows, `Ife.mp3` àti `ife.cdg` jọ ń rìn. Lójú Linux, àjèjì ni wọ́n sí ara wọn, orin á máa kọ láìsí ọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi fẹ́ràn ZIP nìyí: MP3 àti CDG wà nínú àpò kan, wọn kò lè ya ara wọn, iye fáìlì tí ẹ ń kó kiri sì dín sí ìdajì. ZIP kan, orin kan. Ẹ má di àwo odindi pọ̀ sínú ẹyọ kan.

Ó ku àmì ohùn. Ó wu àwa tí à ń kọ Yorùbá dáadáa kí gbogbo àkọlé ní àmì tó pé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà bíi `ọ̀` lè wà nínú kọ̀ǹpútà lọ́nà tó ju ẹyọ kan lọ: ó lè jẹ́ `ọ` pẹ̀lú àmì ohùn tí a fi lé e, ó sì lè jẹ́ `o` lásán pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ètò fáìlì àtijọ́ ti Mac, HFS+, a máa tú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ palẹ̀ kó tó fi pamọ́, Windows sì ń fi í pamọ́ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Àbájáde rẹ̀ ni pé fáìlì méjì lè jókòó ti ara wọn pẹ̀lú orúkọ tó dà bí ọ̀kan náà, kí ètò tó ń kó fáìlì kiri sì máa pààrọ̀ wọn lọ bọ̀. Lẹ́yìn èyí, akọrin tó bá yín tẹ àkọlé kì í fi àmì sí i, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà kò sì ní rí orin náà fún un. Tèmi ni pé kí orúkọ fáìlì wà láìní àmì, kí ìwé orin tí a ń tẹ̀ fún àwọn ènìyàn ní àmì tó pé. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ lọ.

Ẹ má sì kó fódà sínú fódà jù. Ọ̀nà fáìlì tó bá gùn ju àmì 260 lọ ṣì ń dá ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà Windows lójú rú. Fódà kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, A dé Z, ti tó.

Yíyọ àwọn ẹ̀dà, kí gbogbo rẹ̀ tó di mẹ́ta

Ẹ ṣe èyí lórí ọ̀gá kí ẹ tó pín ohunkóhun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó pín ìdọ̀tí ká. Bí àwọn kọ̀ǹpútà yín bá ti ní àkójọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sínú `Tuntun` lórí ọ̀gá, nínú fódà tó ń jẹ́ orúkọ kọ̀ǹpútà tó ti wá, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tó dára.

Ẹ̀dà oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni fáìlì tó jọra látòkè délẹ̀, tí orúkọ lè yàtọ̀. dupeGuru àti Czkawka máa ń wá irú èyí rí, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Fáìlì tó wà nínú ZIP ni wọn kò lè wò dáadáa: orin kan náà tí a dì lẹ́ẹ̀méjì lè di ZIP méjì tí kò bára mu. Ẹ tú wọn sílẹ̀ ná, ẹ yọ ẹ̀dà, kí ẹ tó dì wọ́n padà.

Oríṣi kejì kì í ṣe ẹ̀dà rárá, ìyẹn ni orin kan náà láti ilé iṣẹ́ méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ètò kankan pa irú èyí rẹ́ fún yín. Ọ̀kan lè wà ní ohùn tó ga ju èkejì lọ, ọ̀kan lè ní àwọn agbè orin lẹ́yìn, èkejì kò ní, ọ̀kan lè parí pẹ̀lú ìdúró, kí èkejì máa rọlẹ̀ títí á fi dákẹ́. Akọrin tó ti mọ́ ọ̀kan lára mọ ìyàtọ̀ yẹn kí ẹsẹ kìíní tó parí. Ẹ gbọ́ wọn, ẹ fi èyí tó dára síwájú, ẹ fi ìkejì sílẹ̀ bí ẹnìkan bá ń béèrè rẹ̀.

Bí ẹ bá ti wà nídìí rẹ̀, tí ẹ kò tíì dì wọ́n padà sínú ZIP, ẹ wá MP3 tí kò ní CDG. Ẹ ka iye méjèèjì. Lórí Windows, PowerShell, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, á kà á fún yín (K ni lẹ́tà díìsìkì tí orin wà):

`(Get-ChildItem K:\Orin -Recurse -Filter *.cdg).Count`

Ẹ tún un kà pẹ̀lú `*.mp3`. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, orin kan ti pàdánù èkejì rẹ̀ níbìkan.

Títún ohùn ṣe náà, àsìkò yìí ni. Orin láti ilé iṣẹ́ kan á máa pariwo, ti èkejì á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. MP3Gain lè gbé e sókè tàbí sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ dB 1.5 láìtún ohùn náà dì, kò sì kan gígùn orin, nítorí náà ọ̀rọ̀ CDG kò ní yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ń yí fáìlì fúnra rẹ̀ padà. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ẹ ti pín àkójọ tán, gbogbo 10,000 náà ló máa tún rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí ọ̀nà jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo

Ìgbésẹ̀ kékeré ni èyí, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Dátábéèsì sọ́fítíwíà karaoke kì í gbé orin, ọ̀nà tó lọ síbi orin ló ń gbé. Bí orin bá wà ní `D:\Orin` lórí kọ̀ǹpútà kan, tó wà ní `E:\Karaoke\Orin` lórí ìkejì, dátábéèsì ọ̀kan kò lè wúlò fún èkejì. Lórí Windows, ẹ ṣí Disk Management, ẹ fún ibi tí orin wà ní lẹ́tà kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Ẹ mú lẹ́tà tó jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀, bíi K, kí fláàṣì tí ẹnìkan fi bọ̀ ọ́ má bàa gbà á. Lórí Mac, ẹ fún díìsìkì náà ní orúkọ kan náà. Lórí Linux, ẹ so ó mọ́ ibì kan náà nínú `fstab`, fáìlì tó ń sọ ibi tí díìsìkì kọ̀ọ̀kan ń so mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí díìsìkì ìta kan ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac, ètò fáìlì exFAT ni kí ẹ fi ṣe é. Mac lè ka NTFS, ètò fáìlì Windows, ṣùgbọ́n kò lè kọ nǹkan sí i fúnra rẹ̀, FAT32 kò sì gba fáìlì tó tó GB 4. Àléébù exFAT ni pé kò ní àkọsílẹ̀ tó ń dáàbò bò ó bí a bá fà á yọ lójijì. Ẹ máa yọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Pípín àkójọ

Ẹ má ṣe fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ orin lóde, kí orin wà lórí kọ̀ǹpútà kan kí èkejì máa fà á lórí Wi-Fi. Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ dán an wò nínú yàrá, kó sì dákú nígbà tí ọgọ́rùn-ún fóònù bá wọlé. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ ní orin tirẹ̀ nínú.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹ lo háàdì díìsìkì tàbí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lórí wáyà gigabit, GB 75 lè kọjá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 bí fáìlì bá tóbi, á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú fáìlì kéékèèké tó pọ̀. Lórí wáyà àtijọ́ tó jẹ́ Mbps 100, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 2. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá yí padà nìkan ló ń rìn, Wi-Fi sì tó fún un.

Ọ̀nà méjì ni mo lè dámọ̀ràn. Èkíní ni Syncthing, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà láìsí ibi ìpamọ́ ẹlòmíràn láàárín. Ẹ gbé e sórí gbogbo kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ojú ìwé rẹ̀ ní `127.0.0.1:8384`, ẹ fi kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mọ ọ̀gá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni irú fódà: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Send & Receive, èyí tó sọ gbogbo kọ̀ǹpútà di ọba. Ẹ yí ti ọ̀gá sí Send Only, ẹ yí tàwọn yòókù sí Receive Only. Bí ẹnìkan bá wá ṣèèṣì pa orin rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde, kò ní dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Bọ́tìnnì Revert Local Changes á yọ lórí kọ̀ǹpútà náà, ẹ tẹ̀ ẹ́, orin á padà. Ẹ tún tan File Versioning lórí àwọn tó ń gbà, kì í ṣe lórí ọ̀gá, torí ibi tí ìyípadà ń dé sí ni ó ti ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́.

Ọ̀nà kejì bá ẹni tí kò fẹ́ kí ohunkóhun máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ mu. Lórí Windows, robocopy, ètò tó ń da fáìlì kọ, ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ (K ni orísun, X ni ibi tí a ń lọ):

`robocopy K:\Orin X:\Orin /MIR /R:1 /W:1 /L`

`/MIR` sọ pé kí ibi tí a ń lọ bá ibi tí a ti ń bọ̀ mu pátápátá, títí kan pípa ohun tí kò sí ní orísun rẹ́. `/L` ní kó kàn ka ohun tó fẹ́ ṣe fún yín, kó má tíì fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ ka á. Bí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ pa ẹgbẹ̀rún orin rẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi orísun sí ipò ibi tí ẹ ń lọ. Bó bá tọ́, ẹ yọ `/L` kí ẹ tún un ṣe. `/R:1` ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ: láìsí i, robocopy á gbìyànjú fáìlì kan tí kò ṣí nígbà mílíọ̀nù 1, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín. Lórí Mac àti Linux, rsync ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí:

`rsync -av --delete --dry-run /ona/Orin/ /ibomiran/Orin/`

`--dry-run` ni `/L` tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé àmì `/` tó wà lẹ́yìn `Orin` àkọ́kọ́. Láìsí i, á kó fódà `Orin` sínú `Orin`.

Dátábéèsì kì í ṣe orin

Ó máa ń wu ènìyàn láti fi fáìlì dátábéèsì sínú fódà tí Syncthing ń tọ́jú, kí ohun gbogbo lè máa rìn pọ̀. Ẹ má ṣe é. OpenKJ, fún àpẹẹrẹ, irú dátábéèsì tí wọ́n ń pè ní SQLite ló ń lò, àwọn tó ṣe SQLite fúnra wọn sì kìlọ̀ pé kí a má fi fáìlì rẹ̀ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ jọ máa kọ sí i, torí pé ètò tí ń ti fáìlì níbẹ̀ kì í ṣeé gbọ́kàn lé. Bí a bá sì dà á kọ nígbà tí sọ́fítíwíà ṣì ń kọ nǹkan sí i, ẹ̀dà tó dé ọ̀hún lè ti bàjẹ́.

Bí kò bá sí ohun tó ju orúkọ orin lọ nínú dátábéèsì, ẹ má da ara yín láàmú: lẹ́yìn ìmúdọ́gba kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà tí àwọn kọ̀ǹpútà bá ti gba orin ọ̀gá tán, ẹ ní kí sọ́fítíwíà tún fódà kà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Bí ìtàn àwọn akọrin bá wà nínú rẹ̀, orin tí wọ́n ń kọ àti ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ kí ohùn orin ga tàbí relẹ̀ dé, ẹ ti sọ́fítíwíà pa ní ìhà méjèèjì, ẹ da fáìlì náà kọ, títí kan èyí tó parí pẹ̀lú `-wal` bí ó bá wà, kí ẹ tó ṣí i padà. Níbí ni ọ̀nà kan náà ti ń wúlò.

Ìwé orin náà, láti orí ọ̀gá nìkan ni kó ti máa jáde, kí ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sì wà lókè rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo kọ̀ǹpútà bá ti gba orin tuntun, kì í ṣe ṣáájú.

Lóde

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ dá ìmúdọ́gba dúró lórí kọ̀ǹpútà tó ń jáde. Syncthing ní bọ́tìnnì Pause fún fódà. Kò yẹ kí fáìlì máa yí padà lábẹ́ orin tí ẹnìkan ń kọ lọ́wọ́.

Ẹnìkan á wá gbé orin wá lórí fláàṣì, tàbí kí ẹ ra ọ̀kan lójú ẹsẹ̀ nítorí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín. Ẹ má fi sínú `Orin`. Ẹ ní fódà `Tuntun` lórí kọ̀ǹpútà òde pẹ̀lú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ `Orin`, kí sọ́fítíwíà máa ka òun náà. Tí ẹ bá padà délé, ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sí `Tuntun` ti ọ̀gá, ẹ fún un lórúkọ, ẹ gbọ́ ọ, á sì padà wá sórí gbogbo kọ̀ǹpútà láti ẹnu ọ̀nà tó yẹ. Ìròyìn orin tó bàjẹ́ náà, inú ìwé kékeré kan ni kí ẹ kọ ọ́ sí lóde. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni àtúnṣe wà.

Àṣẹ láti da orin kọ

Rírà tí ẹ ra orin kan kò túmọ̀ sí pé ẹ lè fi sórí iye kọ̀ǹpútà tó bá wù yín. Àwọn ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kí àwo kan wà fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́, àwọn kan gba ẹ̀dà ìpamọ́ láàyè ṣùgbọ́n wọn kò gba kí méjì máa kọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn mìíràn ń ta fún lílò nílé nìkan. Ẹ ka àdéhùn náà, ẹ sì fi ìwé ẹ̀rí ìrajà pamọ́ pẹ̀lú àkójọ. Bí ẹ bá ti fi orúkọ ilé iṣẹ́ sínú orúkọ fáìlì, kò ní ṣòro láti yọ orin ilé iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní àṣẹ rẹ̀. Nínú Syncthing, fáìlì `.stignore` ló ń ṣe èyí, ó sì jẹ́ ti kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀dà ìpamọ́, àti ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kan bá kú

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ní orin kan náà kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá ṣèèṣì pa fódà kan rẹ́ lórí ọ̀gá, á parẹ́ lórí gbogbo wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ ní háàdì díìsìkì kan tí kì í wà lára kọ̀ǹpútà kankan, tí ẹ ń so mọ́ ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí òmíràn sì wà ní ilé mìíràn. Kó tó di pé ẹ fi `/MIR` ṣe é, ẹ wo ohun tí `/L` sọ.

Bí kọ̀ǹpútà òde bá kú, ẹ fún èyí tuntun ní lẹ́tà K, ẹ kó `Orin` sí i láti orí díìsìkì, ẹ gbé Syncthing sí i kí ẹ sì fi sí Receive Only, ẹ ní kí sọ́fítíwíà ka fódà. Bó bá jẹ́ ọ̀gá ló kú, ẹ kọ́kọ́ dá Syncthing dúró lórí gbogbo àwọn yòókù kí ẹ tó tan ọ̀gá tuntun, kí fódà òfìfo má bàa fi ara hàn wọn bí ọ̀gá. Ẹ dá orin padà láti orí díìsìkì, ẹ ka iye CDG àti MP3 (tàbí ti ZIP, bí ẹ bá ti dì wọ́n), ẹ yan orin ogún látinú oríṣiríṣi lẹ́tà, ẹ kọ ọ́ dé ìparí kí ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àti ohùn ṣì bára mu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù máa gbà padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.